Ìfiwéra Ìdílé Kábọ́nù: Ta Ló Ń Wá +4, Ta Ló Ń Sá Padà Sí +2, Èwo Ló sì Yẹ Fún Iṣẹ́ Yín?

Ẹlẹ́kítírọ̀nì mẹ́rin péré ló wà ní ìpele òde átọ̀mù kábọ́nù. Mẹ́rin náà ló wà lára sílíkọ́nì, lára jẹmáníọ̀mù, lára tíìnì àti lára òjé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi to àwọn márààrún sí òpó kan náà nínú tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, òpó kẹrìnlá. Síbẹ̀, bí ẹ bá kó wọn jọ síwájú, ẹ lè má gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Gíráfáìtì, tí í ṣe kábọ́nù, dúdú, ó sì ń kọ̀wé lórí bébà. Sílíkọ́nì ń dán, àmọ́ bí ẹ bá lù ú, á fọ́ wẹ́wẹ́. Òjé rọ̀ débi pé èékánná lè ha á.

Ẹni tó bá fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn, ì báà jẹ́ fún iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, fún ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, tàbí láti fi dáhùn ìbéèrè ìdánwò, ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé máa sọ fún un ni pé +2 àti +4 ni ipò oxidation ìdílé yìí, ìyẹn iye ẹlẹ́kítírọ̀nì tí a kà pé átọ̀mù pàdánù. Wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Lójú tèmi, èyí ò tó rárá. Ohun tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ bi ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ni pé: ibo lo dorí kọ? Èyí tó wà ní +2 tó ń wá ọ̀nà dé +4 yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó wà ní +4 tó ń wá ọ̀nà padà sí +2. Ọ̀kan á máa fún ẹlòmíràn ní ẹlẹ́kítírọ̀nì, èkejì á máa gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní jẹ́.

Ipò oxidation fúnra rẹ̀, ìṣirò ni. Bí átọ̀mù méjì bá jọ ń lo ẹlẹ́kítírọ̀nì, a ó gbé gbogbo rẹ̀ fún èyí tó ń fà á jù nínú àwọn méjèèjì, a ó wá ka iye tí ẹnì kejì pàdánù. Kò sí ibi tí átọ̀mù kábọ́nù ti ń rìn kiri nínú omi pẹ̀lú ẹrù +4 lórí. Ṣùgbọ́n òjé ní +2 wà lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí áyọ́ọ̀nù, átọ̀mù tó ru ẹrù iná, tó dá dúró. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka nọ́ńbà wọn.

Ibi tí +2 ti wá

Ẹlẹ́kítírọ̀nì mẹ́rin tí mo wí yẹn ò sí lójú kan náà. Méjì wà ní ìpín s, méjì wà ní ìpín p. Àwọn méjì ti p ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá dá lọ, átọ̀mù náà wà ní +2. Bí àwọn méjì ti s bá tẹ̀ lé wọn, ó di +4. Lókè òpó náà, kábọ́nù àti sílíkọ́nì máa ń lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi falẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn méjì ti s ń ya alágídí, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ òjé, níbi tí wọn kì í fẹ́ kúrò lójú kan. Nevil Sidgwick, onímọ̀ kẹ́místírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló là á sílẹ̀ ní 1927, inert pair effect sì ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, prótọ́ọ̀nù 82 ló wà láàárín átọ̀mù òjé. Ẹlẹ́kítírọ̀nì tó ń sún mọ́ irú àárín bẹ́ẹ̀ ń sáré débi pé òfin Einstein nípa eré sísá dé ọ̀rọ̀ náà, ìpín s yóò sún kì, yóò sì di èyí tí wọ́n dì mú gírígírí. Yíyọ ẹlẹ́kítírọ̀nì kẹta àti ìkẹrin lára tíìnì ń gba nǹkan bí 6,870 kJ/mol (kJ/mol ni ìwọ̀n agbára tí a ń lò níbí). Ti òjé ń gba nǹkan bí 7,160, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjé ló wà nísàlẹ̀, òun ló sì yẹ kó rọrùn jù. Èkejì, bí átọ̀mù bá ṣe ń tóbi sí i ni ìdè tó ń bá ẹlòmíràn ṣe ń dẹ̀. Ẹni tó bá ná ẹlẹ́kítírọ̀nì mẹ́rin dípò méjì, ìdè méjì sí i ló máa rí gbà. Ní ti kábọ́nù, ìdè náà lágbára, ó bo owó tó ná mọ́lẹ̀. Ní ti òjé, kò bò ó.

Ẹ wo wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| | Kábọ́nù | Sílíkọ́nì | Jẹmáníọ̀mù | Tíìnì | Òjé |
|---|---|---|---|---|---|
| Nọ́ńbà átọ̀mù | 6 | 14 | 32 | 50 | 82 |
| Irú rẹ̀ | kì í ṣe mẹ́táàlì | agbedeméjì | agbedeméjì | mẹ́táàlì | mẹ́táàlì |
| Ooru tó fi ń yọ́ | kì í yọ́, ó ń di gáàsì ní nǹkan bí 3,600°C | 1,414°C | 938°C | 232°C | 327°C |
| Ìwúwo (g/cm³) | 2.26 gíráfáìtì, 3.51 dáyámọ́ǹdì | 2.33 | 5.32 | 7.29 | 11.34 |
| Yíyọ ẹlẹ́kítírọ̀nì àkọ́kọ́ (kJ/mol) | 1,086 | 787 | 762 | 709 | 716 |
| Ipò tó wù ú | láti −4 títí dé +4 | +4 | +4, +2 ò lágbára | +4, +2 náà wà | +2 |

Ẹ tún wo ìlà karùn-ún dáadáa. Láti orí kábọ́nù títí dé orí tíìnì, iye náà ń sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ òjé, ó tún gòkè díẹ̀. Agídí tí mo ń wí ti ń yọjú níbẹ̀ kí a tó dé orí +2 àti +4 rárá.

Flerovium, ẹ́límẹ́ǹtì 114, wà nísàlẹ̀ òjé, wọ́n sì fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀ ní 2012. Átọ̀mù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, kì í sì í pẹ́ tó fi ń túká, nítorí náà kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni lè yàn.

Kábọ́nù tàbí sílíkọ́nì?

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn +4, síbẹ̀ +4 wọn ò jọra. Ẹ fi CO₂ wé SiO₂. CO₂ jẹ́ gáàsì. Bí ẹ bá mú un tutù títí ó fi dì, ní −78.5°C ni yìnyín rẹ̀ ti ń padà di gáàsì láìyọ́. SiO₂ ni iyanrìn funfun, ó nílò ooru tó sún mọ́ 1,700°C kí ó tó yọ́. Nọ́ńbà kan náà, ọ́síjìn méjì méjì, kí ló wá ṣẹlẹ̀? Kábọ́nù kéré, ó lè fara mọ́ ọ́síjìn dáadáa kó fi ìdè méjì dì í mú, nítorí náà mólíkù kéékèèké tó dá wà ló ń ṣe. Sílíkọ́nì tóbi jù fún irú ìdè méjì bẹ́ẹ̀. Ìdè ẹyọ kan pẹ̀lú ọ́síjìn ló mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa: nǹkan bí 450 kJ/mol, nígbà tí ìdè ẹyọ láàárín kábọ́nù àti ọ́síjìn wà ní nǹkan bí 360. Sílíkọ́nì kọ̀ọ̀kan á di ọ́síjìn mẹ́rin mú, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan á di sílíkọ́nì méjì mú, gbogbo rẹ̀ á so kọ́ra láìlópin.

Bí ẹ bá nílò ohun tí omi ò ní bà jẹ́, ẹ tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí. CCl₄ àti SiCl₄, olómi aláìláwọ̀ ni méjèèjì, +4 ni méjèèjì. Ẹ da CCl₄ sínú omi, á rì sísàlẹ̀, á sì jókòó síbẹ̀. Ẹ kán SiCl₄ sínú omi, ẹ ó rí èéfín funfun tó ń ta imú, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń hó, ohun funfun kan tó rí bí ẹ̀kọ á kù sínú ife. Èéfín yẹn ni ásíìdì HCl, ohun tó kù ni SiO₂ tó mu omi sára. Átọ̀mù kílóríìnì mẹ́rin ti há kábọ́nù mọ́ àárín, omi ò ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sílíkọ́nì ní àyè lára, ó sì lè gba ẹnì karùn-ún mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé.

Ní ti háídírójìn, kábọ́nù ló ní ìfọ̀kànbalẹ̀. CH₄ ò ní jó àyàfi bí ẹ bá ṣáná sí i. SiH₄ máa ń gbiná fúnra rẹ̀ bó bá ti kan afẹ́fẹ́, nítorí náà àwọn tó ń lò ó láti fi to sílíkọ́nì sórí gíláàsì ń fi pamọ́ sínú agbá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú dídi ara ẹni mú. Ìdè kábọ́nù mọ́ kábọ́nù tó nǹkan bí 346 kJ/mol, ti sílíkọ́nì mọ́ sílíkọ́nì kò ju nǹkan bí 225 lọ. Ohun tó mú kí kábọ́nù lè so ẹ̀wọ̀n gígùn tí gbogbo ohun abẹ̀mí fi dúró nìyẹn.

Ẹ̀wọ̀n yẹn náà ló fún kábọ́nù ní nọ́ńbà tó pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ bá mi ka àwọn ìpele yìí: CH₄ wà ní −4, ọtí CH₃OH ní −2, HCHO ní 0, ásíìdì HCOOH ní +2, CO₂ ní +4. Méjì méjì ló ń fò, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo fẹ́ràn ìlà yìí gan-an, nítorí pé ó fi hàn pé iná dídá, ìmí tí a ń mí àti oúnjẹ tó ń dà nínú ara jẹ́ gígun àkàbà kan náà.

CO nìkan ló yẹ kí n tọ́ka sí lọ́tọ̀. +2 ni kábọ́nù wà níbẹ̀, ó sì ń wá +4 lójú méjèèjì. Òun ni iléeṣẹ́ ìyọ́rin ń lò láti gba ọ́síjìn lára òkúta irin. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ibi tó yẹ kí ọ́síjìn lẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ké bó bá jò.

Sílíkọ́nì tàbí jẹmáníọ̀mù?

Kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan jẹmáníọ̀mù ni Mendeleev, onímọ̀ kẹ́místírì ọmọ Rọ́ṣíà tó to tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, ti sọ ní 1871 pé àyè kan ṣófo lábẹ́ sílíkọ́nì. Ó ní ìwúwo átọ̀mù rẹ̀ á tó 72, ó ní +4 ló máa wà nínú ọ́síjìn àti nínú kílóríìnì, ó sì ní olómi oníkílóríìnì rẹ̀ á hó kí ooru tó dé 100°C. Ní 1886, onímọ̀ kẹ́místírì Clemens Winkler rí i nínú òkúta kan ní Freiberg, ní Jámánì. Ìwúwo átọ̀mù náà jẹ́ 72.6, GeCl₄ sì ń hó ní nǹkan bí 86°C.

Tírànsísítọ̀ àkọ́kọ́, ohun kékeré tó ń darí iná nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní December 1947, jẹmáníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Ẹlẹ́kítírọ̀nì ń yára rìn nínú rẹ̀ ju ti inú sílíkọ́nì lọ dáadáa. Kí ló dé tí sílíkọ́nì fi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀kan ni ooru: àlàfo agbára sílíkọ́nì, ìyẹn agbára tí ẹlẹ́kítírọ̀nì nílò kó tó lè máa gbé iná, jẹ́ 1.12 eV, ti jẹmáníọ̀mù kò ju nǹkan bí 0.67 lọ, nítorí náà bí ara rẹ̀ bá gbóná díẹ̀, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Èkejì, tí èmi gbà pé ó wúwo jù, ni ipò +4 tí à ń sọ. Bí sílíkọ́nì bá gbóná nínú ọ́síjìn, SiO₂ á bò ó lára: awọ tín-ín-rín tí omi ò lè fọ̀ kúrò, tí iná ò lè gbà kọjá. GeO₂ lè yòrò sínú omi, bí ooru bá sì pọ̀, jẹmáníọ̀mù abẹ́ rẹ̀ lè fà á sọ̀ kalẹ̀ sí GeO, ìyẹn +2, tí yóò fò lọ bí èéfín. Awọ tó ń yòrò tó sì ń fò lọ kò ṣeé kọ́ ẹ̀rọ lé lórí.

Torí náà, fún chip àti pánẹ́ẹ̀lì tó ń lo oòrùn, ẹ mú sílíkọ́nì. Ó tún pọ̀ rẹpẹtẹ, òun ló tẹ̀ lé ọ́síjìn nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ ayé. Jẹmáníọ̀mù ní tirẹ̀: ìtànṣán infrared ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò sì sí iyanrìn tó lè ṣe irú ìyẹn dáadáa fún kámẹ́rà tó ń rí ooru ara. GeO₂ náà wà nínú okùn gíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì.

Tíìnì tàbí òjé?

Ibí yìí gan-an ni àṣìyàn ti pọ̀ jù, nítorí pé méjèèjì jọra lójú: mẹ́táàlì rírọ̀, tó tètè ń yọ́, tó ní +2 àti +4. Ẹ fi ooru sí ọ́síìdì wọn, ẹ ó rí ìyàtọ̀. SnO, tó wà ní +2, bó bá gbóná nínú afẹ́fẹ́, á gba ọ́síjìn sí i, á di SnO₂ funfun. PbO₂, tó wà ní +4, bó bá gbóná, á sọ ọ́síjìn nù, á sọ̀ kalẹ̀ sí PbO. Ooru kan náà, ọ̀kan gòkè, èkejì sọ̀ kalẹ̀.

Nínú omi, nọ́ńbà náà ń sọ ohun kan náà. Láti +4 sí +2, tíìnì ní fólítì +0.15 péré. Láti PbO₂ sí òjé +2, fólítì rẹ̀ jẹ́ +1.46. Bí iye yìí bá ṣe ga tó ni agbára tí ohun náà fi ń gba ẹlẹ́kítírọ̀nì lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣe pọ̀ tó.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ohun tó máa fún nǹkan ní ẹlẹ́kítírọ̀nì, SnCl₂ ni kí ẹ mú. Ó ń sọ irin +3 di +2. Bí wọ́n bá kán an díẹ̀díẹ̀ sínú omi HgCl₂, funfun bí ẹfun ló kọ́kọ́ ń yọ, ìyẹn Hg₂Cl₂. Bí wọ́n bá kán an sí i, funfun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí eérú, nítorí pé mẹ́kúrì fúnra rẹ̀ ti ń yọ jáde. Májèlé ni ìyọ̀ mẹ́kúrì, yàrá àyẹ̀wò tó ní olùtọ́jú nìkan ni kí wọ́n ti ṣe é. Ìṣòro SnCl₂ ni pé kì í dúró. Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ sí +4 díẹ̀díẹ̀ nínú ìgò, omi sì ń mú kó dà bí wàrà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń fi HCl sí i kó má bàa dà bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì ju ègé tíìnì kan sísàlẹ̀ ìgò. Ègé tíìnì yẹn ń mú èyí tó bá ti di +4, ó ń dá a padà sí +2.

Bí ẹ bá sì ń wá ohun tó máa gba ẹlẹ́kítírọ̀nì, PbO₂ ni. Ẹ da HCl tó lágbára lé ìyẹ̀fun rẹ̀ aláwọ̀ igi, kílóríìnì, gáàsì aláwọ̀ ewé tó fara jọ yẹ́lò, á yọ jáde, PbCl₂ funfun á kù sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é pẹ̀lú SnO₂, kò sí kílóríìnì kankan. Àyẹ̀wò manganese tó lókìkí náà lórí agbára yìí ló dúró lé: PbO₂ pẹ̀lú ásíìdì nitric ń gbé manganese +2 dé +7, omi náà á sì pọ́n bí elésè àlùkò.

PbCl₄ wà, olómi aláwọ̀ yẹ́lò ni, àmọ́ bó bá gbóná díẹ̀, ní nǹkan bí 50°C, á fọ́ sí PbCl₂ àti kílóríìnì. PbI₄ ò tilẹ̀ sí, nítorí pé áyódíìnì ń yára fún òjé +4 ní ẹlẹ́kítírọ̀nì kó tó di nǹkan kan. Bí ẹ bá rí i nínú ìbéèrè ìdánwò, pàkúté ni. SnI₄ wà ní tirẹ̀, ó pọ́n bí ọsàn. PbI₂ sì ni ẹwà ìdílé náà lójú mi: ẹ yòrò rẹ̀ sínú omi gbígbóná, omi náà á mọ́ lóló, bó bá ń tutù, ègé wíwẹ́ tó ń dán bí wúrà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ nínú ife.

Ẹnì kan ló ń ba òfin yìí jẹ́, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kábọ́nù bá so mọ́ òjé, +4 ni òjé ń fẹ́. Pb(C₂H₅)₄ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú epo ọkọ̀ ní 1923 wà ní +4, ó sì dúró dáadáa. Torí náà, +2 ni òjé ń fẹ́ pẹ̀lú ọ́síjìn, kílóríìnì àti ásíìdì; ẹ má fi í mọ́ gbogbo ibi.

Bátìrì ọkọ̀ ni ibi tí agídí òjé ti wúlò jù. Gaston Planté, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé e jáde ní 1859, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò sì tíì yí padà: òjé tó wà ní 0 ní ẹ̀gbẹ́ kan, PbO₂ tó wà ní +4 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ásíìdì sulfuric láàárín wọn. Bí iná bá ń jáde, ẹni òkè ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ ń gòkè, wọ́n á pàdé ní +2, nínú PbSO₄. Nǹkan bíi fólítì méjì ni yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú wá, yàrá mẹ́fà ló sì wà nínú bátìrì fólítì 12. Ní 2011, Pekka Pyykkö, onímọ̀ kẹ́místírì ọmọ Finland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé nǹkan bí 1.7 sí 1.8 nínú fólítì 2.1 náà, ọ̀dọ̀ eré asáré ẹlẹ́kítírọ̀nì tí mo sọ lókè ló ti wá. Ẹ ò lè fi tíìnì rọ́pò rẹ̀ kí ẹ retí fólítì kan náà, nítorí pé SnO₂ ò ní ìtara kankan láti sọ̀ kalẹ̀.

Fún agolo oúnjẹ, tíìnì ni, kò sí àníàní. Ó fẹ́lẹ́, kì í ṣe májèlé bí òjé, ó sì ń bo irin dáadáa. Ẹ kàn mọ̀ pé bí awọ tíìnì náà bá ha, irin abẹ́ rẹ̀ á máa dípẹtà kíákíá, torí pé irin ló máa ń kọ́kọ́ fi ẹlẹ́kítírọ̀nì sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Níbi tí òtútù bá pọ̀, ẹ má lo tíìnì tí kò ní àdàlù. Lábẹ́ 13.2°C, ó lè máa yí padà díẹ̀díẹ̀ sí irú eléérú tó ní ètò átọ̀mù bíi dáyámọ́ǹdì, ara rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wú sí i, á sì di ìyẹ̀fun. Bismuth tàbí antimony díẹ̀ nínú rẹ̀ ń dá a dúró.

Òjé ní tirẹ̀ dára fún dídí ìtànṣán X-ray, nítorí ìwúwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí iye òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè pa ara lára, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Ní 2021 ni orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn ṣíwọ́ títà epo ọkọ̀ olójé. Bí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe bá máa kan ẹnu, omi mímu, ọ̀dà tàbí ohun ìṣeré, ẹ fi òjé sílẹ̀.

Ohun tí a fi ń jó wáyà pọ̀ ló ṣì ń fa àríyànjiyàn. Àdàlù tíìnì 63 àti òjé 37 nínú ọgọ́rùn-ún ń yọ́ ní 183°C, ó sì máa ń dán bó bá dì. Èyí tí kò ní òjé, tíìnì pẹ̀lú fàdákà àti bàbà díẹ̀, ń yọ́ ní nǹkan bí 217°C, ó sì máa ń ṣú díẹ̀. Láti July 2006 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti lé òjé kúrò nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun. Bí ẹ bá ń ṣe tuntun, ẹ mú èyí tí kò ní òjé, kí ẹ sì gbé ooru irin ìjówáyà sókè tó. Bí ẹ bá ń tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o: bó bá ń dán, ó ṣeé ṣe kí òjé wà nínú rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fi kan oúnjẹ.